Ẹ Jẹ́ Ká Wo Àtẹ́lẹsẹ̀ Àwọn Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn ọmọ òrukàn bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn olùtọrẹ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù

Bísímíláhì Rahmáánì Rahíìmi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba, Olùtọ́jú gbogbo ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ dàgbà gẹ́gẹ́ bí ọmọ òrukàn, kí ó sì máa bá àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.



Ní ìpàdé tó kọjá, ẹ ní kí ìgbìmọ̀ wa wá ṣàlàyé ìdí tí a fi kọ ọṣẹ, òrí, fásílíìnì, oògùn awọ ara àti sálúbàtà sínú ìwé ìnáwó wa. Owó ilé-ìwé, oúnjẹ àti aṣọ ọdún ni ẹ ti mọ̀ mọ́ wa tẹ́lẹ̀. Àwọn kan béèrè pé ṣé owó sàká ni a ó wá máa fi ra ìpara báyìí. Ìbéèrè náà dára, kò sì bí wa nínú. Owó tí ẹ yọ nítorí Ọlọ́hun ni, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ibi tó ń gbà. Ohun tí a wá sọ lónìí nìyẹn, a ó sì jẹ́wọ́ àṣìṣe wa níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Nígbà tí Iléyá ń súnmọ́, a lọ láti ilé dé ilé láti wọn ẹsẹ̀ àwọn ọmọ fún bàtà ọdún. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní bọ́ ìbọ̀sẹ̀ òun. A rẹ́rìn-ín, a ní ojú ló ń tì í. Ìyá rẹ̀ àgbà ló wá bọ́ ọ fún un. Iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti gbẹ háúháú, ó ń dán bí ike, ó sì sán níbi mẹ́ta mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sínú ibi tó sán. Ó ní òun kò fẹ́ kí a rí i, nítorí wọ́n ti sọ fún òun ní ilé kéwú pé ẹni tó bá ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ bá àwọn yòókù jókòó lórí ẹní kan náà. Ó ti tó oṣù kan tí kò ti dé ilé kéwú mọ́. Ẹ̀yìn ilé ló máa ń jókòó sí títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi dé.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà, àwa la fún un. Bàtà rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ ni, a rà á lọ́pọ̀ nítorí pé ó dínwó, a sì fi ìbọ̀sẹ̀ onílọ́ọ̀nù kún un. Láàárọ̀ ló ń kì í bọ ẹsẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ló ń bọ́ ọ. Òógùn a rin ẹsẹ̀ gbindin, ẹsẹ̀ a tún gbẹ lójijì, lójoojúmọ́ ayé. Ọrẹ wa ló ń dá ọmọ lẹ́sẹ̀.

Àṣìṣe wa kejì tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí a padà délé, a sọ láàárín ara wa pé làpálàpá ni. A lọ ra ìpara kan tí ẹni tó tà á fún wa sọ pé ó ń wo gbogbo àrùn awọ ara, a pín in fún àwọn alágbàtọ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, inú gbogbo wa dùn, nítorí yíyún náà dáwọ́ dúró lára àwọn kan. Nígbà tó máa fi di oṣù kejì, làpálàpá tó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ ọmọkùnrin kan ti gun ojúgun rẹ̀, ó sì ti dé orúnkún. Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì kan nínú àwọn ìyá wa nínú ẹgbẹ́ yìí pè wá jókòó, ó bi wá pé: "Ẹ̀yin wo ẹsẹ̀ náà dáadáa kí ẹ tó ra oògùn?" A kò wò ó. Ohun tí ó kọ́ wa, àti ohun tí a tún gbọ́ lẹ́nu dókítà awọ ara tí a kó àwọn ọmọ lọ bá, la fẹ́ pín pẹ̀lú yín.

Bí a ṣe ń wo ẹsẹ̀

Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó wò ó. Ẹ wo ẹsẹ̀ méjèèjì, nítorí ẹsẹ̀ kejì a máa jẹ́rìí sí èkíní. Ẹ wo òkè ẹsẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀, gìgísẹ̀, èékánná, kí ẹ sì ya ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan kúrò lára èkejì láti wo àárín wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ìbéèrè márùn-ún yìí.

Èkíní, ibo gan-an ló wà: ṣé àárín ọmọ ìka ni, ṣé iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ni, tàbí gìgísẹ̀? Èkejì, ṣé ó ń yún un, ṣé òru ni ó sì ń yún un jù? Ẹ̀kẹta, ṣé ẹlòmíràn nínú ilé náà ń họ ara? Ẹ̀kẹrin, irú bàtà wo ló ń wọ̀, báwo ló sì ṣe ń pẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó? Ẹ̀karùn-ún, ṣé ó mọ̀ ọ́n lára tí a bá fi òwú fọwọ́ kan ojú ibẹ̀ nígbà tó di ojú rẹ̀? Ẹ má ṣe fi ìbéèrè karùn-ún yìí ṣeré. Ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Èkíní: Gbígbẹ lásán àti gìgísẹ̀ tó sán

Èyí ló pọ̀ jù, pàápàá nígbà ọyẹ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ kò ní ihò tó ń mú epo jáde bíi ti orí àti ojú, nítorí náà ó tètè máa ń gbẹ. Ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú eruku, tí a sì ń fi ọṣẹ ìfọṣọ tó le wẹ̀ fún, gìgísẹ̀ rẹ̀ á nípọn, á sì sán. Kò sábà máa ń yún un, kì í sì í ràn.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ó ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ fi òkúta ìfọsẹ̀ rọra há ibi tó nípọn, kí ẹ fi aṣọ tẹ omi kúrò lára rẹ̀. Kí ọ̀rinrin tó tán lára awọ náà, ẹ fi òrí tàbí fásílíìnì pa á. Ẹ ṣe é ní alaalẹ́ lẹ́yìn ìrun Iṣáì, kí ó sì wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú tó mọ́ sùn. Bí gìgísẹ̀ bá nípọn púpọ̀, ẹ béèrè ìpara tó ní yúríà nínú lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì tó kọ́ṣẹ́. Ẹ má ṣe fi abẹ gé e. Bí ibi tó sán bá ti jìn tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ bi wọ́n ní ilé ìwòsàn bóyá ọmọ náà ti gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì rẹ̀ pé, nítorí ojú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àrùn yẹn ń gbà wọlé.

Èkejì: Iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọdé tó ń dán tó sì ń sán

Ohun tó ṣe ọmọbìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí. Àwọn ọmọ láti ọdún 3 sí ọdún 14 ló sábà máa ń ṣe. Ó máa ń wà lára ẹsẹ̀ méjèèjì bákan náà, ní ibi tí ẹsẹ̀ fi ń tẹ ilẹ̀ níwájú àti lábẹ́ àtàǹpàkò. Ẹ̀rí tó fi yàtọ̀ sí làpálàpá ni pé àárín ọmọ ìka máa ń mọ́ tónítóní. Òógùn nínú bàtà tí kì í gba afẹ́fẹ́, gbígbẹ lójijì, àti bí bàtà ṣe ń ha ẹsẹ̀, ni wọ́n ń fà á. Kì í ṣe kòkòrò, kì í ràn, kò sì sí ìdí kankan tí ọmọ bẹ́ẹ̀ kò fi ní jókòó sórí ẹní pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Oògùn rẹ̀ àkọ́kọ́ ni bàtà. Kí ó wọ sálúbàtà tàbí bàtà tó gba afẹ́fẹ́ tó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, kí ó lo ìbọ̀sẹ̀ òwú, kí ó sì pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí òógùn bá ti rin ín. Kí a máa fi fásílíìnì tàbí òrí pa ojú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bàlágà.

Ẹ̀kẹta: Làpálàpá ẹsẹ̀

Ohun tín-ín-tín kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á, ìbátan ohun tó ń mú búrẹ́dì bu. Ibi tó gbóná tó sì ní ọ̀rinrin ló fẹ́ràn. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọmọ ìka, pàápàá láàárín èyí tó kéré jù àti èyí tó tẹ̀ lé e. Awọ ibẹ̀ á funfun, á rọ̀, á máa bó, á sì máa yún. Èyí ni àwọn àgbà wa máa ń sọ pé omi jẹ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n irú kejì wà tó ń tan èèyàn jẹ: àtẹ́lẹsẹ̀ á kàn gbẹ, á ní ìpẹ́ funfun bí ìyẹ̀fun, yóò gun ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ yíká bí ẹni wọ bàtà, èékánná á sì nípọn. Ọ̀pọ̀ ń fi òrí pa irú èyí fún ọdún púpọ̀, wọ́n rò pé ọyẹ́ ni. Bí òrí bá ti kùnà fún oṣù kan, ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n lè há ìpẹ́ díẹ̀ sórí gíláàsì kí wọ́n sì wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ awò. Kì í ṣòro.

Kò wọ́pọ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ kéékèèké. Àwọn ọ̀dọ́ àti àgbàlagbà ló ń ṣe jù. Àwa tí a pe gbogbo ẹsẹ̀ ọmọdé ní làpálàpá, ibẹ̀ la ti kọ́kọ́ ṣì í.

Ó ń ràn nípasẹ̀ sálúbàtà, aṣọ ìnura àti ilẹ̀ tó tutù. Oògùn rẹ̀ ni ìpara clotrimazole, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, tàbí terbinafine, èyí tó máa ń gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Oògùn àtijọ́ kan tún wà, Whitfield, tí owó rẹ̀ kò wọ́n, tó sì dára fún ibi tó gbẹ tó nípọn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi sí ojú ọgbẹ́. Kí a fi pa ibi tó ń ṣe wá àti bèbè rẹ̀. Kí a má sì dáwọ́ dúró ní ọjọ́ tí yíyún bá ti lọ: kí a lò ó dé ìparí iye ọjọ́ tí a dá fún wa. Bí ó bá ti wọ èékánná, ìpara kò lè dá a dúró mọ́. Dókítà ni yóò kọ oògùn oníhóró, ó sì máa ń gba oṣù díẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: Ẹsẹ̀ tó ń bá bàtà jà

Bí awọ tó ń yún tó sì nípọn bá wà lókè ẹsẹ̀, tó gba ibi tí okùn sálúbàtà gbà gẹ́lẹ́, bàtà náà ni ọ̀tá. Rọ́bà, àtè àti oògùn tí wọ́n fi ń ṣe awọ bàtà lè máa bá ara ẹlòmíràn jà. Ẹ pààrọ̀ bàtà, ẹ máa fi òrí pa á. Àwọn ọmọ tí ara wọn máa ń gbẹ láti kékeré, tó ń yún wọn níbi ìgúnpá àti ẹ̀yìn orúnkún, tàbí tí àwọn òbí wọn ní ikọ́ fée, ẹ́kísímà lè mú wọn lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú. Kò ń ràn. Ọ̀rá ìpara lójoojúmọ́ ni ìpìlẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀. Oògùn tó bá ju ìyẹn lọ, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ló sọ ọ́.

Ẹ̀karùn-ún: Kúrúnà

Kòkòrò kékeré kan tó ń gbẹ́ ihò wọ inú awọ ara ló ń fà á. Òru ló ń yún èèyàn jù. Lára àgbàlagbà, ẹ ó rí i láàárín ìka ọwọ́, ní ọrùn ọwọ́ àti ìbàdí. Lára ọmọ ọwọ́, ó tún máa ń wà ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ kì í wò. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í kún àwọn àrùn tí ayé ti gbàgbé ní ọdún 2017, nítorí pé àwọn tálákà tó ń sùn pọ̀ sójú kan ló ń jẹ níyà jù.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Òwe yìí gan-an ni ìtọ́jú kúrúnà. A kì í tọ́jú ẹnì kan ṣoṣo. Gbogbo ẹni tó ń sùn nínú ilé náà, títí kan ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yún, ni yóò lo oògùn ní ọjọ́ kan náà, nítorí kòkòrò náà lè wà lára ẹni fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Benzyl benzoate, ìpara permethrin àti ìpara tó ní imí-ọjọ́ nínú ni wọ́n sábà ń lò. Láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, àárín ọmọ ìka àti abẹ́ èékánná la ó fi kàn. Fún ọmọ kékeré àti aláboyún, kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ sọ èyí tó yẹ àti ìwọ̀n rẹ̀. Ní ọjọ́ náà, ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ àti aṣọ ìtẹ́lẹ̀ ibùsùn, ẹ sá a sóòrùn. Èyí tí a kò lè fọ̀, ẹ dì í sínú ọ̀rá fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí ẹ má bẹ̀rù bí ó bá ṣì ń yún díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ bá ń ṣọyún, ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, nítorí ọyún ara kúrúnà lè ba kíndìnrín ọmọdé jẹ́.

Ẹ̀kẹfà: Ibi tí kò mọ ìfọwọ́kàn

Ẹ wá gbọ́ ìdí ìbéèrè karùn-ún. Ọmọkùnrin kan wà nínú àwọn tí a ń tọ́jú, ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì gbẹ ju ọ̀tún lọ, àmì kan tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sì wà lójúgun rẹ̀. Kò yún un, kò dùn ún. Nígbà tí a fi òwú kàn án, ó ní òun kò mọ nǹkan kan. Ìyá wa nọ́ọ̀sì dákẹ́. Ó tún rí i pé ìṣó ti gún àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ náà kò sì mọ̀.

Ẹ̀tẹ̀ ni. Nígbà tí ará ilé gbọ́, wọ́n ti kó ẹní rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí a tó dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní òun kò lè fi ọmọ òun wéwu nítorí ọmọ olóògbé. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ̀rù ló ń bà á. A jókòó tì í títí ìrun Magarí-ìbì fi dé. A ṣàlàyé fún un pé ẹ̀tẹ̀ kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Ọ̀gbẹ́ni Hansen, dókítà ará Norway, ti rí kòkòrò tó ń fà á láti ọdún 1873. Kì í tètè ràn. Láti ọdún 1995 ni a ti ń fi oògùn rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri ayé nípasẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé. Oṣù 6 tàbí oṣù 12 ni a ń lò ó, gẹ́gẹ́ bí àrùn náà bá ṣe pọ̀ tó. Láìpẹ́ lẹ́yìn tí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ oògùn, kò lè kó o ran ẹlòmíràn mọ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ó dìde, ó gbé ẹní náà padà sínú yàrá fúnra rẹ̀. Ọmọ náà lo oògùn rẹ̀ fún oṣù 12 pé, Alhamdu lillaahi, ó sì ti parí rẹ̀. Ibi tó ti kú lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò jí tán, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó máa rì í sínú omi, kí ó fi òrí pa á, kí ó má sì rìn láìwọ bàtà. Bí a bá ti rí i lọ́dún kan ṣáájú, bóyá kì bá tí rí bẹ́ẹ̀. Wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́ ni ikán ń jẹlé.

Ìpara tó ń wo gbogbo nǹkan

Ẹ bá wa wo ara páálí ìpara kí ẹ tó rà á. Bí ẹ bá rí clobetasol tàbí betamethasone lára rẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀, àyàfi bí dókítà bá kọ ọ́. Oògùn tó lágbára ni. Ó máa ń pa yíyún náà kíákíá, ṣùgbọ́n lójú làpálàpá, ṣe ló ń fi ààbò bo àrùn náà kó lè máa tàn lọ lábẹ́lẹ̀. Bí ó bá pẹ́ lára, awọ á fẹ́lẹ́, á sì fà ya. Ohun tó ṣe ọmọkùnrin tí làpálàpá rẹ̀ dé orúnkún nìyẹn. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́ pẹ̀lú. Ẹ má sì da kẹrosíìnì, omi bátìrì tàbí omi tí a fi ń sọ aṣọ di funfun sí ẹsẹ̀ ọmọ kankan.

Àlùwàlá àti ẹsẹ̀ wa

Ẹ̀sìn wa kò gbàgbé ẹsẹ̀. Ọlọ́hun ka fífọ ẹsẹ̀ mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe nínú àlùwàlá, Ànábì wa sì kìlọ̀ gidigidi fún àwọn tí omi kò kan gìgísẹ̀ wọn. Ó tún pàṣẹ pé kí a máa fi ìka la àárín àwọn ọmọ ìka. Ẹ wo àǹfààní rẹ̀: ẹni tó ń la ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, kò sí bí àrùn yóò ṣe fara pamọ́ fún un níbẹ̀.

Ohun tó ń bàjẹ́ ni ohun tí a ń ṣe lẹ́yìn àlùwàlá. A ó ki ẹsẹ̀ tó rin sínú bàtà, tàbí sínú sálúbàtà rọ́bà tí gbogbo mọ́sáláṣí ń wọ̀ lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn onímọ̀ púpọ̀ gbà pé kò sí èèwọ̀ nínú nínu ara lẹ́yìn àlùwàlá. Kí olúkúlùkù ní aṣọ kékeré tirẹ̀, kí ó nu àárín ọmọ ìka gbẹ. Òrí tàbí fásílíìnì tó nípọn, ẹ fi pa á lẹ́yìn ìrun, kí ó má baà dí omi àlùwàlá tó kàn lọ́nà. Ẹni tí omi bá ń ṣe ọgbẹ́ rẹ̀ ní jàǹbá, kí ó bi ààfáà rẹ̀ léèrè bí yóò ṣe ṣe é. Ìrọ̀rùn wà nínú ẹ̀sìn yìí.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn bàbá àti ìyá wa tó ní ìtọ̀ ṣúgà: ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín lójoojúmọ́, tàbí kí ọmọ bá yín wò ó. Ẹ pa gìgísẹ̀ ní ìpara, ṣùgbọ́n ẹ má fi sí àárín ọmọ ìka. Ẹ má gé ohunkóhun fúnra yín, ẹ má sì dúró de ọ̀la bí ọgbẹ́ bá yọ.

Ṣé sàká lè ra ìpara?

A padà sí ìbéèrè yín. Nínú Súúrà At-Tawbah, ẹsẹ 60, Ọlọ́hun ka ọ̀nà 8 tí sàká ń gbà. Ọmọ òrukàn kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tálákà àti aláìní ló ṣíwájú wọn. Ọmọ òrukàn tí bàbá rẹ̀ fi ogún tó tó sílẹ̀ fún, a kò ná kọ́bọ̀ sàká lé e lórí. Èyí tí kò ní, oògùn àti bàtà rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ tirẹ̀ nínú sàká, a sì ń fi í lé alágbàtọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ kó di ohun ìní ọmọ náà. Báàfù, àpótí ìjókòó, tọ́ọ̀ṣì àti owó ọkọ̀ wa, inú sàráà ni wọ́n ti ń jáde, kì í ṣe inú sàká. Ìwé ìṣirò méjèèjì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tó bá fẹ́ wò ó kí ó bọ́ síwájú.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ má fún ọmọ ní bàtà rọ́bà tí kò ní ihò mọ́. Sálúbàtà kan tó bá ẹsẹ̀ mu sàn ju bàtà dídán méjì lọ. Ẹ bá wa wá òrí, fásílíìnì, ọṣẹ tí kò le, ìbọ̀sẹ̀ òwú àti aṣọ ìnura kéékèèké. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti oníkẹ́míìsì tó kọ́ṣẹ́ nínú wa, ẹ yọ̀ǹda ọjọ́ Àìkú kan fún wa láàárín oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí a lè máa wo ẹsẹ̀ gbogbo wọn. Ẹ̀yin ààfáà ilé kéwú, ẹ má lé ọmọ kankan kúrò lórí ẹní kí ẹ tó ránṣẹ́ pè wá.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé a kò fi àwòrán ẹsẹ̀ ọmọ kankan sínú ìwé ìròyìn yìí, a kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí a fẹ́ bò láṣìírí, a kì í tún tú u síta nítorí kí ọrẹ lè wọlé.

Ọmọbìnrin ọjọ́sí ti padà sí ilé kéwú. Nígbà tí a dé ibẹ̀ kẹ́yìn, àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wà lórí ẹní, sálúbàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Kò fi ẹsẹ̀ pamọ́.

Kí Ọlọ́hun gba sàká àti sàráà wa, kí Ó fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn, kí Ó dárí àṣìṣe wa jì wá, kí Ó sì fi ẹsẹ̀ gbogbo wa múlẹ̀ lórí ọ̀nà tó tọ́. Àmín.